Èémí Aboyún Tó Ń Há: Ohun Tí Kò Yẹ Kí Ọkọ Fojú Fò



Gbólóhùn kan wọ́pọ̀ lẹ́nu wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀: "Oyún ló ń ṣe é." Lóòótọ́, oyún a máa múni mí hẹlẹ díẹ̀. Ṣùgbọ́n aboyún tí kò lè dùbúlẹ̀ láìto ìrọ̀rí jọ, tí àìrí èémí ń jí lóru, tí ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí tí ń dákú, kì í ṣe oyún nìkan ló ń ṣe é. Ọkàn rẹ̀ ni kí a yẹ̀ wò.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni Ọlọ́hun fi sínú ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣẹ́rí padà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ohun tó sábà ń bà wọ́n jẹ́ lára ọ̀dọ́ ni àrùn ọ̀nà ọ̀fun ìgbà èwe tí a kò fi oògùn bíi pẹnisílíìnì tọ́jú, tó wá di ibà tí ń wú oríkèé ara. Ilé tí èrò há mọ́ sí ló ti ń ràn jù. Ó lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí oyún tó tú àṣírí rẹ̀: ẹ̀jẹ̀ aboyún máa ń fi bí ìdajì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn tó ti há kò sì lè gbà á kọjá. Omi á wá máa dà sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀yin ọkọ, àmánà ni ìyàwó lọ́wọ́ yín. Àdúà dára, ṣùgbọ́n àdúà kò ní kí a má gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù. Ẹ tètè lọ sí Ọsibítù Ìjọba ní Ìsọlọ̀. Wọ́n lè kọ̀wé ránṣẹ́ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà, kí dókítà ọkàn àti ti aboyún jọ ṣètò ìbímọ náà. Ẹ má dúró de alẹ́ ìrọbí. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Òṣòdì kì í yà fún aláìsàn. Lẹ́yìn ìbímọ pàápàá, ewu ṣì wà fún ọjọ́ mélòó kan.

Obìnrin tí wọ́n ti fi ilẹ̀kùn àtọwọ́dá onírin sí lọ́kàn gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó lóyún. Oògùn warfarin tó ń lò lè ṣe ọlẹ̀ léṣe, pàápàá láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Bó bá sì dá a dúró fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì mọ́ ilẹ̀kùn náà, kó sì gba ẹ̀mí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fipá mú irú aboyún bẹ́ẹ̀ gba ààwẹ̀. Ṣẹríà ti yọ̀ǹda fún un. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi àìsàn ọkàn ọmọbìnrin yín pamọ́ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ni yóò lè ṣọ́ra.

Kí Ọlọ́hun máa sọ̀ wọ́n láyọ̀. Àmín.