Èwo Ló Yẹ Kí Ilé-Ìwé Kọ́kọ́ Náwó Lé: Máíkírósíkóòpù Ni Tàbí Ohun Tí A Ń Gbé Sábẹ́ Rẹ̀?

ÌLAPA ÈRÒ
(i) Ìfáárà: ohun tí ilé-ìwé máa ń sáré rà, àti èrò mi lórí rẹ̀.
(ii) Àwọn ohun èlò náà àti iṣẹ́ wọn.
(iii) Ẹ̀rí láti inú kíláàsì àti láti inú ìtàn.
(iv) Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ fún aláìsàn.
(v) Èsì fún àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi.
(vi) Àbá àti ìkádìí.

ÀRÒKỌ
Bí ilé-ìwé girama kan bá rí owó díẹ̀ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìbáà jẹ́ láti ọwọ́ ìjọba, ìbáà jẹ́ láti ọwọ́ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́-jáde, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sáré lọ rà ni máíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ tí ń sọ ohun tín-ín-tín di ńlá lójú ẹni. Wọn á gbé e wá síwájú àwọn òbí, wọn á pàtẹ́wọ́, wọn á ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan dìde kí ó béèrè pé: kí ni a ó gbé sábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ta ni yóò sì gbé e síbẹ̀? Ní èrò tèmi, ìbéèrè yìí ló yẹ kí ó ṣáájú. Mo gbà pé dígí pẹlẹbẹ, dígí ìbòrí, bíléèdì mímú àti aró ni ilé-ìwé gbọ́dọ̀ rí i pé ó kárí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, kí ó tó máa ra ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ.

N kò sọ pé ẹ̀rọ náà kò wúlò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn méjèèjì ló nílò ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rántí bí ẹ̀rọ ilé-ìwé wa ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, yóò gba inú ohun tí a ń wò kọjá kí ó tó dé ojú wa. Bí ohun náà bá nípọn, òkùnkùn ni a ó rí. Bí ó bá gbẹ, yóò súnkì. Bí kò bá ní àwọ̀, yóò dà bí omi nínú omi. Kò sí ọ̀kan nínú àbùkù wọ̀nyí tí irú ẹ̀rọ ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ lè tún ṣe fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé ohun náà kalẹ̀ ló lè tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn ohun èlò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni dígí pẹlẹbẹ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní síláìdì. Ó gùn tó nǹkan bíi 75 mm, ó fẹ̀ tó 25 mm, ó sì nípọn tó nǹkan bíi 1 mm. Èkejì ni dígí ìbòrí, tí ó fẹ́lẹ́ púpọ̀. Èyí tí wọ́n ń lò jù nípọn tó nǹkan bíi 0.17 mm. Kì í ṣe ọmọrí lásán ni dígí yìí o. Àwọn tí wọ́n ń ṣe awò ẹ̀rọ náà ti fi ìnípọn rẹ̀ sínú ìṣirò wọn. Ẹ̀kẹta ni bíléèdì, tí a fi ń gé ewé tàbí igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ̀kẹrin ni aró. Áyódíìnì a máa sọ sítáàṣì di dúdú aláwọ̀ aró. Aró aláwọ̀ búlúù tí a ń pè ní methylene blue a sì máa mú kí àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì yọ kedere. Ẹni tí ó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ yóò tètè lóye èyí. Ibi tí a bá fi ẹ̀kọ kùn lára aṣọ kì í gba aró bí ibi tí ó ṣófo. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá kan sẹ́ẹ̀lì máa ń gba aró ju apá kejì lọ, ìyàtọ̀ yẹn sì ni ojú ń rí.

Lílo àwọn ohun èlò wọ̀nyí gba sùúrù. Bí a bá fẹ́ wo awọ inú àlùbọ́sà, a ó kán omi sí àárín dígí pẹlẹbẹ, a ó ṣí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà, a ó sì tẹ́ ẹ sínú omi kí ó má baà ká. A ó kán áyódíìnì díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn èyí, a ó fi etí kan dígí ìbòrí kan dígí ìsàlẹ̀, a ó fi abẹ́rẹ́ gbé etí kejì dúró, a ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí a bá jù ú lé e lórí, afẹ́fẹ́ yóò há sábẹ́ rẹ̀.

N kò lè gbàgbé ohun tí ojú mi rí ní ilé-ìwé kan tí mo ti kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Dígí pẹlẹbẹ tí ó bá wọn wá kò pé ogún, kíláàsì wa sì lé ní ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́. Dígí ìbòrí kò tilẹ̀ sí rárá. A gé ike ìgò omi ní wẹ́wẹ́, a fi ń ṣe ìbòrí. Ní ọjọ́ ìdánwò àfọwọ́ṣe wa, ọmọbìnrin kan ya òbìrìkìtì mẹ́jọ tí etí wọn dúdú, ó sì kọ ‘sẹ́ẹ̀lì’ sábẹ́ wọn. Afẹ́fẹ́ tí ó há sábẹ́ ike ni ó yà. Nígbà tí mo pè é, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tí ojú mi rí ni mo yà.” Òótọ́ ni ó sọ. Àwọn tí kò fojú kan ẹ̀rọ rárá, tí wọ́n ya àwòrán tí wọ́n ti há sórí láti inú ìwé, ni wọ́n gba máàkì jù. Ọmọ tí ó sọ òótọ́ pàdánù, èyí tí ó díbọ́n jèrè. Àwa àgbà ni a jẹ̀bi, nítorí pé a fún un ní ẹ̀rọ, a kò fún un ní ohun tí yóò fi lò ó. Ta ló ń fi àdá tí kò ní èèkù ránṣẹ́ sóko?

Ìtàn pẹ̀lú ń gbè mí lẹ́sẹ̀. Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé rẹ̀, Micrographia, jáde ní 1665. Nínú ìwé yìí ni ó ti lo orúkọ náà ‘sẹ́ẹ̀lì’ fún àwọn yàrá kéékèèké tí ó rí nínú èèpo igi tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò. Kí ó tó rí wọn, ó ní láti fi ọ̀bẹ mímú bíbẹ́ kan tín-ín-rín jáde lára èèpo náà. Nítorí pé èèpo náà funfun, ó gbé e sórí ohun dúdú kí ó lè hàn. Ọ̀bẹ mímú àti ohun dúdú yìí kó ipa tiwọn nínú àwárí náà, gẹ́gẹ́ bí awò ẹ̀rọ rẹ̀ ti kó tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ máàkì nìkan ni èyí. Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òní ni òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ọ̀la yóò ti jáde. Bí wọ́n bá ń wá kòkòrò ibà, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí dígí. Èyí tí ó nípọn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Èyí tí ó fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń mọ irú kòkòrò tí ó jẹ́. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń mú kí èyí tí ó fẹ́lẹ́ dì mọ́ dígí. Bí ó bá ṣèèṣì kan èyí tí ó nípọn, sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní lè fọ́ mọ́ nínú omi aró, kòkòrò yóò sì fara pamọ́. Lẹ́yìn èyí ni aró Giemsa, tí Gustav Giemsa ará Jámánì ṣe ní 1904, tí wọ́n ṣì ń lò títí di òní. Bí dígí bá dọ̀tí, eruku tí ó gba aró lè jọ kòkòrò ibà lójú ẹni tí kò mọṣẹ́. Wọn á máa fún aláìsàn ní oògùn ibà, àìsàn gan-an tí ń ṣe é á sì máa jẹ ẹ́ lára lọ.

Àwọn kan yóò ní àyẹ̀wò ibà kíákíá ti wà báyìí, èyí tí kò nílò ẹ̀rọ. Òótọ́ ni, ó sì ń ran àwọn ará abúlé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kì í sọ iye kòkòrò tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò jù nínú wọn tilẹ̀ lè máa sọ pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí aláìsàn ti gbádùn. Àwọn mìíràn yóò ní kí á ra dígí tí wọ́n ti tẹ́ nǹkan sí láti ilé-iṣẹ́. Ó dára fún ohun tí ó ṣòro láti gé, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ra ọbẹ̀ jẹ lójoojúmọ́ kò lè pe ara rẹ̀ ní alásè. Àwọn kan yóò sì ní owó kò tó fún méjèèjì. Èsì mi ni pé ẹ̀rọ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá ń tò sí, tí olúkúlùkù mú dígí tirẹ̀ lọ́wọ́, sàn ju ẹ̀rọ mẹ́wàá tí kò ní nǹkan lábẹ́ lọ. Ẹ̀rọ gan-an sì ti ń dínwó. Ní 2014, Manu Prakash àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà fi Foldscope hàn, èyí tí wọ́n fi bébà ṣe, tí owó ohun tí wọ́n fi ṣe é kò tó dọ́là kan. Síbẹ̀, òun náà ń lo dígí pẹlẹbẹ bíi ti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀.

Àbá mi kò le. Kí ilé-ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní dígí pẹlẹbẹ méjì àti dígí ìbòrí mélòó kan, kí ó fi aṣọ mímọ́ wé wọn, kí ó sì máa fọ̀ wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́. Kí ohun tí wọ́n ń wò jẹ́ ti àyíká wa: awọ àlùbọ́sà, ewédò aláwọ̀ ewé orí omi, ewé ọgbà tí a fi sáàárín ànàmọ́ méjì kí ó lè dúró gírí fún bíléèdì. Lójú olùkọ́ nìkan ni kí wọ́n ti máa mú bíléèdì, kí ẹnikẹ́ni má sì gbẹ̀jẹ̀ lára ẹlòmíràn ní kíláàsì.

Ní ìkádìí, mo tún un sọ pé ilé-ìwé tí ó fẹ́ kí ọmọ mọ sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ọwọ́ ọmọ náà níṣẹ́. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ dígí ìbòrí kalẹ̀ nígbà mẹ́wàá yóò mọ afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì, ohun tí ó rí ni yóò yà, òótọ́ tí ó sọ kò sì ní gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀.