Yìnyín ń yọ́ lókè òkun, kí ló kan ará Ìkọ̀tún?

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la lè má rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú babaláwo dÍfá ọrọọrún. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ní Ifá tiwọn, ìwé àkọsílẹ̀ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ wọn.

Ẹ wo ìyá tó ń ta omi tútù nínú ọjà Ìkọ̀tún. Tó bá fi ọjà oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn ń mú ganrínganrín, wé ti oṣù keje tí òjò ń rọ̀, á ní ọjà òun ti bàjẹ́. Irọ́ ni, àsìkò ló yàtọ̀. Oṣù kẹta èṣí ló yẹ kó fi wé oṣù kẹta ọdún yìí. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, á mọ ibi tí ọjà ń lọ gan-an.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò yìnyín ìhà àríwá ayé nìyẹn. Láti 1979 ni sátẹ́láìtì ti ń ṣọ́ yìnyín orí òkun Arctic. Oṣù kẹsàn-án ló máa ń kéré jù, nítorí náà, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń fi wé oṣù kẹsàn-án. Ní 1979, ó fẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù 7 kìlómítà níbùú lóòró. Ní 2012, bíi mílíọ̀nù 3.4 péré ló kù. Nígbà tó tún fẹ̀ díẹ̀ sí i ní 2013, àwọn kan pariwo pé ìṣòro ti tán. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ọjọ́ kan tí ọjà tà ló ń san gbèsè ọdún mẹ́wàá? Títí dòní, kò tíì padà sí bó ṣe wà ní 1979.

Yìnyín tó léfòó lójú omi kọ́ ló ń mú òkun kún o. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ Greenland àti Antarctica, tó ń yọ́ wọnú òkun, ni ká bẹ̀rù. Láti 1993, òkun ayé ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ga sí i.

Ẹ má sọ pé ará Lẹ́kkí nìkan ló kàn. Omi gọ́tà Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgandò, ọ̀sà ló ń wá lọ. Bí ọ̀sà bá kún, ibo ni omi náà máa gbà? Pálọ̀ yín ni! Àwọn tí òkun bá sì lé kúrò létí omi, ṣé kì í ṣe Alímọ̀ṣọ́ ni wọ́n máa wá háyà ilé? Lánlọ́ọ̀dù ti gbọ́ nìyẹn.

Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet ń sọ bí òjò ṣe máa rọ̀. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ kó ìdọ̀tí kúrò lójú gọ́tà. Àsọtẹ́lẹ̀ ò lè dá ọjọ́ tí omi máa wọlé, ṣùgbọ́n ó ń fi ọ̀nà tó ń gbà bọ̀ hàn wá.