Àmì Tó Ń Ṣáájú Fíìmù

Àmì ilé-iṣẹ́ tó máa ń yọ lójú amóhùnmáwòrán kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ kì í pẹ́ rárá, síbẹ̀ òun ni àwọn ọmọ wa ń há sórí jù. Níbí ní Ìgbàrà-Òkè, ọmọ tí kò tíì mọ ABD lè fi ẹnu kọ orin tó ń bá ààfin Disney rìn. Díìsì kátúùnù olówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n ń di eré púpọ̀ sórí ẹyọ kan, ló kó o wọ ọ̀pọ̀ ilé wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo Mainframe ti Túndé Kèlání, tó gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993 àti Saworoidẹ ní 1999. Ó jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń pe ara rẹ̀ ní Òpómúléró. Orúkọ yìí ti wà nínú oríkì orílẹ̀ kí kámẹ́rà tó dé ilẹ̀ wa. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó: òpó, mú, ilé, ró. Ìpajẹ fáwẹ̀lì àti ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ ti dé nìyẹn, láìṣí ìwé kankan lọ́wọ́.

Àwọn yòókù ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́, èyí tó sì ń jẹ́ Yorùbá kì í sábà ní àmì ohùn. Bí olóòtà kan bá kọ OWO gàdàgbà síbẹ̀, kí ni kí ọmọ kà? Owó ni, ọwọ́ ni, òwò ni, àbí ìlú Ọ̀wọ̀ tí kò jìnnà sí wa? Wọn á ní kò sí àyè. Àyè nọ́ńbà fóònù mẹ́ta kì í kúkú wọ́n wọn!

Èyí tó dùn mí ni pé nígbà tí Disney àti Kugali gbé kátúùnù Iwájú jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àmì ohùn pé lórí orúkọ náà. Kátúùnù Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́ dáadáa fún wa.

Iṣẹ́ tí mo ń fún SS2 ni pé kí oníkálukú ya àmì fún ilé-iṣẹ́ kátúùnù tirẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Nínú máàkì mẹ́wàá, àmì ohùn ló ni márùn-ún.