Ẹ Dá Owó Tó Lẹ́jọ́ Dúró, Ẹ Fi Ìyókù Sílẹ̀

Fídíò ni mo ń tò fún àwọn oníbàárà ní Kánádà, láti yàrá kan ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, USDT, ìyẹn owó kíríptò tó dúró fún dọ́là, ni wọ́n sì fi ń san owó iṣẹ́ mi. Owó náà a máa ti Toronto dé ọwọ́ mi kí ẹ̀bà tó tutù. Láti orí fóònù mi dé báǹkì tó wà lójú títì wa gan-an ni wàhálà wà.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bó ṣe ń lọ nìyí. Màá polówó USDT mi, ẹni tó fẹ́ rà á á tẹ̀ ẹ́, ilé-iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ á sì dì í mú kí n má baà gbé e sá lọ. Olùrà á fi náírà ránṣẹ́ sínú àkáǹtì mi. Bí mo bá ti rí i, màá tú USDT sílẹ̀ fún un. A ò mọ ara wa rí. P2P là ń pè é. Alẹ́ẹ̀tì lásán kì í mú mi tú nǹkan kan sílẹ̀ o, torí wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀. Inú áàpù báǹkì ni mo ti ń wo owó. Mo tún ń wo orúkọ. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan tó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin sanwó, orúkọ obìnrin ló bá owó wọlé. Mo béèrè. Ó ní, "Àkáǹtì ìyàwó mi ni, bọ̀dá. Ẹ tú u sílẹ̀ jàre, mò ń kánjú." Mo ní kó má bínú, mo dá owó padà sínú àkáǹtì tó ti wá. Èébú tó bù mí kò ṣeé tẹ̀ síwèé ìròyìn.

Bó bá jẹ́ owó olè ni ńkọ́? Olówó á ké gbàjarè, báǹkì á tọpa rẹ̀ láti àkáǹtì dé àkáǹtì, wọ́n á sì ti gbogbo àkáǹtì náà pa. Ó ti bá mi rí. Ọ̀kẹ́ méjì náírà péré ni wọ́n ní ó lẹ́jọ́ nínú. Gbogbo owó tó wà níbẹ̀, tó fi mọ́ owó iléèwé ọmọ mi, ni báǹkì gbẹ́sẹ̀ lé. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àṣẹ òkè ni. Òkè wo? Kò mọ̀.

Ta ló tì wá sọ́wọ́ àjèjì? Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 2021, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, pàṣẹ pé kí àwọn báǹkì wá àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kíríptò, kí wọ́n tì í pa. Òwò ò dúró. Ó kàn kúrò lójú ìjọba bọ́ sínú P2P ni. Wọ́n yí àṣẹ náà padà ní oṣù Kejìlá 2023, síbẹ̀ kò pẹ́ sígbà náà tí gómìnà CBN, Olayemi Cardoso, fi ní bílíọ̀nù 26 dọ́là gba ilé-iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ Binance kọjá ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, tí àwọn ò lè sọ dáadáa ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ilẹ̀kùn, báwo lẹ ṣe fẹ́ rí ẹni tó ń wọlé?

Àjọ SEC tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ti fọwọ́ sí ilé-iṣẹ́ pàṣípààrọ̀ Busha àti Quidax lọ́dún 2024, òfin tuntun tó kan kíríptò sì jáde lọ́dún 2025. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwà 2021 ṣì wà lára àwọn báǹkì. Ohun tí mò ń béèrè ò pọ̀: iye tó lẹ́jọ́ nìkan ni kí wọ́n dá dúró, kí wọ́n sì kọ orúkọ àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́ tó pàṣẹ sínú lẹ́tà, kí n lè lọ síbẹ̀ lọ ṣàlàyé. Ẹ̀rí gbogbo òwò tí mo ṣe wà lórí fóònù mi.