Orúkọ Òdòdó Kì í Pa Ọmọ Lára

Ọ̀pọ̀ àgbà ló gbà, ní Rẹ́mọ bíi ti ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, pé kò yẹ kí a fi òdòdó sọ ọmọbìnrin lórúkọ, nítorí pé òdòdó a máa là láàárọ̀, a sì máa rọ nírọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ orúkọ a máa ro ọmọ. Bí àwọn òbí kan bá mú Òṣíbàtà wá síbi ìkómọ, èyí tí í ṣe ewéko ojú omi olódòdó funfun tí àwọn olórìṣà kà mọ́ ewé Ọ̀ṣun, kíá ni wọn yóò ní kí wọ́n fi Fọlákẹ́ rọ́pò rẹ̀. Àṣìṣe ni èrò yìí, ẹ̀rí tí ó sì bì í wó wà nílé Rẹ́mọ gan-an.

Mary Ẹfúnyẹlá ni orúkọ ìyá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ. Ẹfun ni amọ̀ funfun tí a fi ń bọ Ọbàtálá. Bí ó bá já bọ́ a fọ́, bí òjò bá pa á a yọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó sọ pé ẹni tí ń jẹ́ Ẹfún yóò fọ́, nítorí pé iyì òrìṣà ni a fi sínú orúkọ náà, a kò fi fífọ́ ẹfun sí i. Ọ̀nà kan náà ni a ń gbà ṣàdúrà ìkómọ. Orógbó korò, ṣùgbọ́n gbígbó nìkan ni a ń mú lára rẹ̀; ataare ń ta lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ inú rẹ̀ ni a ń tọrọ. Ta ni ó wá pàṣẹ pé rírọ nìkan ni kí a mú lára òdòdó?

Ó tilẹ̀ yani lẹ́nu pé àwọn tí kò fẹ́ orúkọ òdòdó ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Susanna, obìnrin inú Lúùkù orí 8, òdòdó lílì ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hébérù. Raihanat tí àwọn Mùsùlùmí ń sọ ọmọ wọn, ewéko olóòórùn dídùn ni ní èdè Lárúbáwá.

Rírọ náà kì í sì í ṣe ikú. Ní Ṣágámù, níbi tí àwọn Hausa ti ń ra obì gbànja tipẹ́tipẹ́, kò sí àgbẹ̀ tí ń sunkún nígbà tí òdòdó obì bá rọ, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni obì ń so. Ti òṣíbàtà tilẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí wọ́n ń wí: alẹ́ ni ó ń là, a pa dé bí oòrùn bá mú, a sì tún là lálẹ́ ọjọ́ kejì.

Ewu kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀, ti akọ̀wé ni. Ẹni tí ó bá sọ ọmọ rẹ̀ ní Òdòdó gan-an, tí wọn kò sì fi àmì ohùn sí i nínú ìwé-ẹ̀rí ìbí, lè rí i kí olùkọ́ máa pe ọmọ náà ní Òdodo, ìyẹn òtítọ́. Òṣíbàtà kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀.