Ilé Jaekel Kò Gbọdọ̀ Jẹ́ Ilé Ọ̀gá Nìkan

Ọ̀nà kò jìn láti Ìwáyà dé ọgbà Iléeṣẹ́ Ọkọ̀ Ojú Irin ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹni tó bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Sábó, tó sì gba Alágómèjì kọjá, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Inú ọgbà yẹn ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898, kí ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Ilé Jaekel ni wọ́n ń pè é. Ó ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí mùsíọ́mù, àwòrán àtijọ́ láti àwọn ọdún 1940 títí dé àwọn ọdún 1970 sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ iléèwé Ìwáyà ló ti tẹ ilẹ̀ ilé náà rí?

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Èbúté Mẹ́ta, ọkùnrin kan ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ilé lórúkọ: Francis Jaekel, ọ̀gá tó lo bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin, tó sì kọ ìtàn ojú irin Nàìjíríà sínú ìwé alápá mẹ́ta. Kò sí ìdí láti bínú sí orúkọ náà. Ẹni tó kọ ìtàn sílẹ̀ fún ìlú ti ṣoore. Àwọn tó tún ilé náà ṣe pẹ̀lú ṣoore, ìyẹn ẹgbẹ́ Legacy 1995, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n John Godwin, ayàwòrán ilé tó dé sí Nàìjíríà ní ọdún 1954, jẹ́ òpó pàtàkì fún.

Kí ènìyàn tó mọ bí iṣẹ́ wọn ti tó, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ilojo Bar ní Gbàgede Tinúubú, ní Erékùṣù Èkó. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní ọdún 1855. Ìdílé Ọláìyá rà á ní ọdún 1933. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé ìrántí orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Odidi ọgọ́ta ọdún ni ilé náà fi wà lórí oyè, oyè náà kò sì gbà á lọ́wọ́ katakata.

Ó rọrùn láti kébòòsí nígbà náà, ọ̀pọ̀ sì kébòòsí. Ṣùgbọ́n ilé tó wà láàárín ọjà Èkó, tí ilẹ̀ rẹ̀ wọ́n ju wúrà lọ, ta ni yóò máa ra páànù fún un? Ta ni yóò kùn ún lọ́dà? Ìjọba tó bá fi ilé joyè láìwo ọwọ́ onílé ti di ẹrù ru ìdílé, ìdílé náà yóò sì wá ọjọ́ tí yóò sọ̀ ọ́. Ilé Jaekel kò ní ìṣòro yìí, nítorí ilẹ̀ iléeṣẹ́ ìjọba ló wà. Kò sí ọmọ bàbá mẹ́wàá tó ń jà sí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í ṣe ẹ̀rí pé nǹkan ń lọ dáadáa. Àwọn ilé àtijọ́ tó kù ní Yábàá àti Èbúté Mẹ́ta ló yẹ ká máa bẹ̀rù fún. Bí ìjọba Èkó bá fẹ́ kí wọ́n dúró, kó dín owó ilẹ̀ tó ń gbà lọ́dọọdún lórí wọn kù, kó sì bá onílé dá sí owó òrùlé.

Àwíjàre kan wà tí kò yẹ ní gbígbà: pé ilé ti gbó, pé amọ̀ lásán ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ní ìlú Long Beach, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ilé oko ẹran ọ̀sìn kan wà tí wọ́n ń pè ní Rancho Los Cerritos. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n sá sí oòrùn ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ọdún 1844. Ìlú náà rà á ní ọdún 1955, ó sọ ọ́ di mùsíọ́mù, ó sì wà lórí ìdúró títí dòní. Amọ̀ kì í tètè kú bí òrùlé bá dáa. Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ èyí, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri wọn léraléra. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Ilé Jaekel fúnra rẹ̀ kù síbì kan. Bí orúkọ ọ̀gá bá wà lẹ́nu ọ̀nà, níbo ni orúkọ ọmọ iṣẹ́ yóò wà? Àwọn tó to irin mọ́lẹ̀ nínú oòrùn, àwọn tó ń ko èédú sínú iná ẹ́ńjìnnì, àwọn akọ̀wé, àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́nu fèrèsé ọkọ̀: àwọn náà ni ojú irin. Ní ọdún 1945, nígbà tí ọjà gbówó lórí tí owó oṣù kò kúrò lójú kan, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, tí Michael Imoudu jẹ́ olórí fún, wà lára àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà fún ohun tó lé ní oṣù kan. Ìtàn yìí tó yàrá kan fúnra rẹ̀.

Ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson tí wọ́n ṣí ní Alágómèjì ní oṣù kẹfà ọdún 2021 kò jìnnà síbẹ̀. Pátákó kan lásán tó tọ́ka sí Ilé Jaekel yóò mú èrò Ìbàdàn yà síbẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Kí àwọn iléèwé Ìwáyà àti Mákòókò sì ní ọjọ́ tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní àwọn àdúgbò kan náà yìí, kò lè ṣàì sí àgbàlagbà tí fìlà iṣẹ́, fèrè tàbí fọ́tò ojú irin ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀. Àwọn alábòójútó ilé náà ní láti lọ kanlẹ̀kùn wọn láìpẹ́, nítorí ẹni tó wọṣẹ́ ní ọdún 1960 ní ọmọ ogún ọdún ti kọjá ọgọ́rin báyìí.