Má Tíì Fà Á Ya

Ọ̀rọ̀ bébà ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bébà tí a fi ń di ẹ̀pà. Èyí tí àwọn òyìnbó ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri láti fi ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́ ni.

Ní Rixheim, ìlú kékeré kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ilé ńlá kan wà tí ẹgbẹ́ àwọn ológun onísìn ti Jámánì kọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1789, ilé náà bọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn. Ní 1797, àwọn tó ń ṣe bébà ògiri kó wọ ibẹ̀. Ní 1802, iṣẹ́ náà di ti Jean Zuber.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á gbẹ́ àwòrán sára pákó, wọ́n á kun ún ní ọ̀dà, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní pákó tirẹ̀, èyí àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó tẹ èkejì. Ní 1834, wọ́n ṣe àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan báyìí: ewé bébà 32, pákó 1,690, àwọ̀ 223! Bí a bá lẹ̀ ẹ́ yí yàrá ká, a ó rí ìtàkìtì omi Niagara àti èbúté New York. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀ tí wọ́n wọ aṣọ iyì, tí wọ́n ń gbafẹ́. Bẹ́ẹ̀, oko ẹrú ṣì wà ní Amẹ́ríkà títí di 1865.

Ọ̀kan nínú àwọn bébà yìí dé ara ògiri ilé kan ní Thurmont, ní Maryland. Ní 1961, wọ́n fẹ́ wó ilé náà. Ọkùnrin kan san dọ́là 50 fún bébà nìkan, ó fi ọ̀bẹ àti abẹ bó o kúrò díẹ̀díẹ̀. Dọ́là 12,500 ló tà á! Àwọn tó rà á fi ta Ilé Ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́rẹ, Jacqueline Kennedy, ìyàwó Ààrẹ, sì ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí yàrá tí wọ́n ti ń gba àlejò ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn tó ń wólé rí pàǹtí. Ọkùnrin yìí rí ọjà.

Ní Rixheim ńkọ́? Àṣà yí padà, ṣùgbọ́n wọn kò fi àwọn pákó àtijọ́ dáná. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn wà ní ìpamọ́, ìjọba sì kà wọ́n mọ́ ohun ìní ìtàn. Ní 1983, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bébà ògiri sínú ilé ńlá yẹn kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ jogún ilé bàbá yín, kí ẹ tó ha ògiri, kí ẹ tó sun ìwé ọjà ìyá àgbà tàbí fọ́tò ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Oòrùn a máa pa àwọ̀, ọ̀rinrin a máa jẹ bébà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wàràwàrà ló burú jù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.